Ògùn Là Ń Gbé, Èkó Ni Owó-Orí Wa Ń Lọ

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ní kí òṣìṣẹ́ tuntun kọ sínú fọ́ọ̀mù, kò sí èyí tó ń mú owó bọ́ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn tó àdírẹ́ẹ̀sì ilé. Iṣẹ́ akọ̀wé owó oṣù ni mo fi jẹun ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ibefun, mo sì mọ ohun tí mò ń wí. Lóṣooṣù, a ó ṣírò owó oníkálukú, a ó yọ owó ìfẹ̀yìntì, a ó yọ owó-orí, owó-orí tí a bá sì yọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e. Ìjọba wo? Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú fáìlì ló ń sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń san owó oṣù fún ló ń ti ilẹ̀ Ògùn wá síṣẹ́: Mowé, Ìbàfò, Àkúté, Sàngó, Ọ̀tà, àwọn mélòó kan ń ti Ìjẹ̀bú wá. Ìdájí kùtù ni wọ́n ń jí. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣí fáìlì wọn, Agége lo máa bá níbẹ̀, tàbí Kétu, tàbí Mushin. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni, tàbí ilé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn agbanisíṣẹ́ l'Ékòó ló máa ń fẹ́ ẹni tó ń gbé nítòsí. Bí wọ́n bá rí Mowé lórí fọ́ọ̀mù, ohun tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá àti àwáwí àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ tó ń wáṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kọ Kétu. Láti ọjọ́ náà lọ, Èkó ni owó-orí rẹ̀ ń lọ, títí tí yóò fi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ rárá. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó-orí rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin owó-orí ọdún 1993 ṣe là á sílẹ̀, orí ìlànà kan náà sì ni àwọn òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, dúró lé. Gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Raisman yẹ ọ̀rọ̀ owó ìjọba wò ní 1958, tí owó-orí ẹni kọ̀ọ̀kan sì di ti àwọn ìjọba ẹkùn, ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ta ni yóò gba owó-orí lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna, tàbí ọmọ Onitsha tó ń tajà n'Íbàdàn? Òfin ọdún 1961 ló dá a lóhùn. Ìjọba kan ṣoṣo ni, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin yẹn náà ló dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní Joint Tax Board sílẹ̀, kí àwọn ìjọba méjì tó bá ń fa òṣìṣẹ́ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lè rí ibi tí wọ́n ti máa yanjú rẹ̀.

Àwọn tó ṣe òfin náà mọ ìwà wa. Bí èèyàn bá nílé méjì ní ìpínlẹ̀ méjì, òfin 1993, tí wọ́n lò títí di ìparí ọdún 2025, ní èyí tó súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ ni ká kà sí ibùgbé rẹ̀. A kò ní ka hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ibi tó kàn sọ̀ sí, àfi bí kò bá ní ibòmíràn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni wọ́n sì fi ń wò ó. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú á mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí: ọmọ Ibefun tó wà l'Ékòó ti wálé, mọ́tò ti tò síwájú ilé, ìkòkò ti wà lórí iná látàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi tí èèyàn jí sí lọ́jọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń wò, ìdajì òṣìṣẹ́ Èkó ni ì bá di ará oko. Òfin ti rí ìyẹn ṣáájú wa. Ó ní ẹni tó bá wà lẹ́nu ìsinmi tí wọ́n ń san owó oṣù rẹ̀, ibi tó ń gbé kó tó gba ìsinmi ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn.

Nítorí náà, ọ̀gá tó kọ́lé sí Ibefun, tó ń gbé Sùúrùlérè, tó jẹ́ pé òkú àti ìgbéyàwó ló ń mú un wálé, Èkó ló ni owó-orí rẹ̀. Mi ò bá Èkó du ìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ká mi lára ni ẹni tí kò ní ilé kankan l'Ékòó, tó ń sun ilẹ̀ Ògùn lálaalẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé-ìwé ìjọba Ògùn, tó jẹ́ pé bí orí bá fọ́ ọ lóru, ọsibítù Ògùn ni wọ́n máa gbé e lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà nínú wọn. Ibefun lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, Ìkòròdú ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ra ilẹ̀ kan, wọ́n ń ṣe ìwé rẹ̀, wọ́n bá ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Ó mú un lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún un. Ti Èkó ni, ó pé pérépéré. Ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wo ìwé náà, ó tún wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí ìwé ilẹ̀.

“Mà, ṣé Ibefun lẹ̀ ń gbé?”

“Ibefun ni, sà.”

“Kí ló wá dé tó jẹ́ pé Èkó lẹ̀ ń san owó-orí fún? Ẹ lọ san tiwa wá.”

Ó pè mí lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Bàbá, ṣé èèyàn máa ń san owó-orí ẹ̀ẹ̀mejì lórí owó oṣù kan ṣoṣo ni?” Mo ní rárá. Mo ní kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ lé e, pé ó ti san èyí tó tọ́ sí i, àti pé bí Ògùn bá gbà pé owó àwọn ló lọ sí Èkó, kí Ògùn kọ̀wé sí Èkó. Kò sí ohun tó kan òṣìṣẹ́ nínú ìyẹn. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló yọ owó náà, òun ló sì fi í ránṣẹ́. Síbẹ̀, ọmọ náà ní láti gba ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kó kó ìwé owó oṣù rẹ̀ jọ, kó máa ti iwájú ẹnì kan bọ́ sí iwájú ẹlòmíràn kí wọ́n tó gbà. Nígbà tó parí, mo ní ó ku nǹkan kan. Kétu ni àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí NIN rẹ̀, láti ìgbà tó wà nílé ìyá ọkọ rẹ̀, NIN sì ni ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo wa máa lò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà owó-orí báyìí. Ó ti yí i padà. Ó ti mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún ẹni tó ń ṣe owó oṣù wọn.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn kò parọ́. Òótọ́ ni pé Ògùn ló ni owó náà. Ọwọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́ ló ti fẹ́ gbà á.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi ń yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. New Jersey ló ń gbé, New York ló ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń bu owó-orí. New Jersey náà yóò wá sọ pé ará ilé òun ni, pé gbogbo owó tó bá rí, ibi yòówù kó ti rí i, abẹ́ òun ló wà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìbá san án. Ìyẹn ni New Jersey ṣe fún un ní ìwé kan tí yóò fi béèrè pé kí wọ́n fi ohun tí òun ti san fún New York dín èyí tí òun jẹ wọ́n kù. Ó ní ìwé ti New York lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe parí, nítorí iye tó bá jáde níbẹ̀ ni yóò gbé wá sí ti New Jersey. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á wo iye tí wọ́n yọ lára owó oṣù wọn láàárín ọdún, wọ́n á gbé e wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tí ìṣirò New York sọ pé wọ́n jẹ gan-an ni ó yẹ kí wọ́n kọ. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n yọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí èèyàn jẹ.

New Jersey kò sì ní dín ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ ìbá gbà lórí owó kan náà lọ. Ká ní New York gba 6,000 dọ́là, tó sì jẹ́ pé 4,000 ni New Jersey ìbá gbà, 4,000 náà ni yóò dín kù. Èyí 2,000 tó kù ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dá a padà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti bá ara wọn ṣàdéhùn kí wàhálà yìí má bàa sí: ẹni tó ń gbé New Jersey tó ń ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania, ilé nìkan ló ń san owó-orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù rẹ̀ fún. Ẹni tó bá wà ní Texas tàbí Florida kò mọ nǹkan tí à ń sọ, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ yẹn kì í gba owó-orí lórí owó oṣù rárá.

Ní Maryland, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ìlú, ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Maryland ń gba owó-orí méjì lọ́wọ́ èèyàn, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà náà, bí ará ibẹ̀ bá ti san owó-orí sí ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n máa ń dín ti ìpínlẹ̀ kù fún un, wọn kì í dín ti ìjọba ìbílẹ̀. Tọkọtaya kan, Brian àti Karen Wynne, tí wọ́n ń gbé ní Howard County, pẹjọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá wọn láre. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn: bí gbogbo ìpínlẹ̀ bá ń ṣe bí Maryland ṣe ń ṣe, ẹni tó sọdá ààlà lọ ṣiṣẹ́ yóò máa san ju ẹni tó jókòó sílé lọ, láìjẹ́ pé ó rí owó jù ú lọ.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Tiwa ni mo fara mọ́. Òtítọ́ ni pé àbúrò mi kì í san ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n èérún ni New Jersey ń rí lára owó iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé New Jersey ló ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé, tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì rẹ̀. Ibi iṣẹ́ ń jẹun yó, ilé ń jẹ àjẹkù. Òfin Nàìjíríà ní ilé ni kó jẹ ẹ́. Mi ò rí òfin tó bọ̀wọ̀ fún ìlú kékeré ju ìyẹn lọ, àwa fúnra wa la sì ń fi àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe tiwa gbà á lọ́wọ́ ìlú wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Lábẹ́ òfin tuntun, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó ọdún èèyàn kò ní owó-orí. 2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tí owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyọkúrò bá jẹ́ 3,000,000 náírà lọ́dún yóò san 330,000. Ká ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún péré ló ń jáde láti Ibefun àti àwọn ìlú tó yí i ká lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí fáìlì gbogbo wọn sì ń sọ pé Èkó ni wọ́n ń gbé: 33,000,000 náírà ló ń kọjá ààlà lọ́dún kan. Ìyẹn ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹ wá dúró sí ojú ọ̀nà Mowé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ máa ka orí.

Àwọn baba wa mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn wà lẹ́nu ibodè. Ọrọ̀ Ìjẹ̀bú dúró lórí pé a wà láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè. Ẹrù tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ san owó ibodè fún wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1892, àwọn òyìnbó bá àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn l'Ékòó pé kí a ṣí ọ̀nà sílẹ̀, kí wọ́n máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè náà. Kò tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi kógun wá sí Imàgbọ́n, oṣù Karùn-ún ọdún yẹn náà sì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé àwọn tó jókòó lórí àdéhùn yẹn mọ iye tí ọ̀nà wọn tó. Ọ̀nà kan náà ni à ń tọ̀ lónìí, àwa ni ẹrù tó ń kọjá, a kò sì ka iye tí à ń san.

Ààlà tí mò ń sọ yìí kò tilẹ̀ dàgbà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì bọ́ sí i nínú. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ògùn sílẹ̀. Ìbátan wa ló wà lápá ọ̀hún, a jọ ń lọ sí òkú ara wa. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ Èkó bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ̀tá. Èkó ló gbé ọkọ̀ ojú irin pupa dé Àgbádó, ilẹ̀ Ògùn sì ni Àgbádó. Èkó ló ń gba ìdọ̀tí tí òṣìṣẹ́ Ògùn bá dá sílẹ̀ lójúmọmọ, ojú títì Èkó ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tó bá ń lo nǹkan ẹni fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ó yẹ kó mú nǹkan wá.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì ní fi ojú àánú wo Abẹ́òkúta. Bí owó ọgọ́rùn-ún èèyàn yẹn bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ògùn lọ́la, ọ́fíìsì gómìnà ní Òkè-Mosàn ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀ sí; kò sí ẹ̀rí pé Ibefun yóò fojú kàn án. Ohun tí àwọn ọmọ ìlú ń sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo bá ní kí wọ́n lọ tún àdírẹ́ẹ̀sì wọn ṣe. Wọ́n á ní, “Bàbá, Èkó ni o, Ògùn ni o, kí ló máa yí padà ní àdúgbò wa?” Àwọn kan náà ni ẹgbẹ́ ìlú máa ń kọ iye fún bí transfọ́mà bá bàjẹ́, tí wọ́n á sì san án. Àwọn kan náà ni wọ́n ń dá owó fún ẹgbẹ́ wọn kí Ojúde Ọba tó dé, nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà sọ di ọ̀tun. Kò sí ọlọ́pàá tó ń lé wọn. Wọ́n mọ ẹni tó gba owó náà, wọ́n sì lè fọwọ́ kan ohun tó fi ṣe. Owó yẹn kì í dín owó-orí wọn kù ní ìpínlẹ̀ kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba méjèèjì gbé yẹ̀ wò ti wà níbìkan tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń sọdá lọ ṣiṣẹ́ ní Geneva, ní Switzerland. Geneva ló ń gba owó-orí wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àdéhùn tí wọ́n ṣe ní oṣù Kìíní ọdún 1973, Geneva ń ṣírò gbogbo owó oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn gbà lọ́dún, ó sì ń dá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà sí agbègbè Ain àti Haute-Savoie tí wọ́n ń sùn sí. Owó yẹn ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ìlú gan-an, títí dé àwọn ìlú kéékèèké, iye òṣìṣẹ́ tó ń ti ibẹ̀ sọdá ni wọ́n sì fi ń pín in.

Ní ọdún 2021, Gómìnà Sanwo-Olu àti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún buwọ́ lu ìwé pé Èkó àti Ògùn yóò ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àpapọ̀. Ọ̀nà àti ààlà ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fi owó-orí àwọn tó ń sọdá sí i. Kí ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ méjèèjì kó orúkọ jọ, kí wọ́n fi NIN wo ibi tí oníkálukú ń sùn, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kí Èkó mú fún ojú títì àti ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ́ ti Ògùn, kí wọ́n kọ ìpín ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìwé tí gbogbo ayé lè rí: iye tí Ọbáfẹ́mi-Owódé rí nítorí Mowé àti Ìbàfò, iye tí Ìfọ̀ rí nítorí Àkúté àti Àgbádó, àti iye tí Odògbolú rí nítorí Ibefun.